Ida Wells, obìnrin tó tọpasẹ̀ àwọn apànìyàn tí ìjọba kò fẹ́ mú

Ọ̀rọ̀ ilé ìtajà ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1889, àwọn ọkùnrin dúdú kan dá owó jọ ní ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n fi owó náà ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti nǹkan èlò ilé, wọ́n sọ ọ́ ní People's Grocery, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ará ìlú. Thomas Moss ni olórí wọn. Lọ́sàn-án, ó ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Lálẹ́, ó ń jókòó ti ìwé ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù. Calvin McDowell ló ń bójú tó ọjà, Will Stewart ló ń tà fún oníbàárà.

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Barrett ti ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò yẹn tipẹ́. Òun nìkan ló ń pa owó níbẹ̀ kí àwọn yìí tó dé. Ẹni tó bá ti tajà rí mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ẹlòmíì bá wá tẹ́ àtẹ síwájú ẹni, tí àwọn oníbàárà ẹni sì ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á dín owó ọjà kù. Àwọn kan á lọ wá àwúre. Barrett ní tirẹ̀, ọlọ́pàá ló kó wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1892, àwọn ọmọdé funfun àti dúdú ń ṣeré lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù náà, eré di ìjà, àwọn àgbà dá sí i, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo àdúgbò. Ariwo gba ìgboro pé àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù Moss. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ bi agbẹjọ́rò. Ó ní ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ti bọ́ sẹ́yìn ààlà ìlú, ọlọ́pàá kò lè dé ibẹ̀, nítorí náà wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣọ́ ara wọn. Wọ́n fi ọdẹ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 5, àwọn ọkùnrin funfun kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Wọn kò wọ aṣọ ìjọba. Àwọn tó wà nínú ilé yìnbọn, mẹ́ta lára àwọn tó wá sì farapa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó wá ń kéde pé agbófinró ni wọ́n, pé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n bá lọ.

Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin dúdú, wọ́n kó Moss àti àwọn ẹnìkejì rẹ̀ méjèèjì mọ́ wọn sí àtìmọ́lé. Nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn tó farapa kò ní kú, ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 9, àwọn jàǹdùkú wọ inú ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n fa àwọn mẹ́ta yìí jáde, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀bá ojú irin lẹ́yìn ìlú, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Ìwé ìròyìn kan ní Memphis dá ìtẹ̀jáde àárọ̀ náà dúró díẹ̀ kí ìròyìn ikú wọn lè pé pérépéré nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló kọ: ohun tí Moss sọ gbẹ̀yìn, ibi tí ìbọn ti ba ẹnì kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n wá sọ ẹni tó pa wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn náà ti wí, ohun tí Moss sọ ni pé kí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn òun kí wọ́n máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí kò sí ìdájọ́ òdodo fún wọn níbẹ̀. Ó fi ìyàwó tó lóyún sílẹ̀ àti ọmọbìnrin kékeré kan. Ìyá ìsàmì ọmọ náà ni Ida Wells, oníwèé ìròyìn, ẹni ọdún 29. Kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Natchez ló lọ, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ó ń wá àwọn tí yóò máa ra ìwé ìròyìn rẹ̀. Kó tó padà dé, wọ́n ti sin ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ta wá ni Ida Wells yìí? Ìlú Holly Springs ní Mississippi ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1862. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ọdún méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni ọkọ̀ Clotilda kó àwọn èèyàn ní Ouidah wa níbí lọ sí Alabama, ìpínlẹ̀ tó bá Mississippi pààlà, àwọn tó ń sọ èdè wa sì wà lára wọn. James, bàbá Ida, jẹ́ káfíńtà. Elizabeth, ìyá rẹ̀, jẹ́ alásè. Láti Virginia ni wọ́n ti tà á wá. Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ìyá yìí kọ lẹ́tà lẹ́tà sí Virginia láti wá àwọn ẹbí rẹ̀. Kò rí ẹnì kankan.

Ní ìparí ọdún 1865 kan náà ni àwọn ọmọ ogun kan tí ogun ti ṣẹ́, tí wọ́n ti jà kí oko ẹrú má bàa parí, dá ẹgbẹ́ òkùnkùn kan sílẹ̀ ní Pulaski, ní Tennessee. Orúkọ rẹ̀ ni Ku Klux Klan. Òru ni wọ́n ń rìn, wọ́n á bo ojú, wọ́n á gun ẹṣin lọ sí ilé ẹni dúdú tó fẹ́ dìbò, tó ra ilẹ̀, tàbí tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Nígbà tí Ida ṣì kéré, ó máa ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá náà ń lọ sí ìpàdé òṣèlú lálẹ́. Ida ti gbọ́ orúkọ Ku Klux Klan kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rù ni, nítorí ó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá títí bàbá yóò fi wọlé.

Ní 1878, ibà pọ́njú jà ní Holly Springs. Ó pa bàbá, ó pa ìyá, ó pa àbúrò wọn tó kéré jù. Ida jẹ́ ọmọ ọdún 16. Àwọn àgbà jókòó láti pín àwọn ọmọ yòókù sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní rárá, òun ni yóò tọ́ wọn. Ó sọ aṣọ rẹ̀ di gígùn kó lè dà bí àgbàlagbà, ó ṣe ìdánwò, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ oko kan. Wọ́n ń san dọ́là 25 fún un lóṣù. Ìbaaka ló ń gùn lọ, òun náà ló ń gùn bọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sí Memphis. Ní 1884, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní nínú ọkọ̀ ojú irin, ó jókòó sí yàrá àwọn obìnrin. Kọndọ́kítọ̀ ní kó dìde, kó lọ sí yàrá àwọn amusìgá. Ó kọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ fà á dìde, Ida ge ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Èèyàn mẹ́ta ló gbé e kí wọ́n tó lè lé e kúrò lórí ìjókòó. Ó pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́, ó jàre, wọ́n ní kí wọ́n san dọ́là 500 fún un. Ní 1887, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Tennessee yí ẹjọ́ náà dà, Ida ló wá ń san owó ẹjọ́. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ pé ìwé òfin wà lọ́tọ̀, ọwọ́ tó ń ṣí i sì wà lọ́tọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn ìwé ìròyìn ìjọ, lábẹ́ orúkọ Iola. Ní 1889, ó di ọ̀kan lára àwọn tó ni ìwé ìròyìn Free Speech ní Memphis. Ní 1891, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú kò dára, wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ olùkọ́. Ìwé ìròyìn ló kù tó fi ń jẹun.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí wọ́n pa Moss.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe, ó kọ ọ́ sínú Free Speech pé kí àwọn èèyàn dúdú ṣe bí Moss ṣe wí: kí wọ́n kó ẹrù, kí wọ́n fi Memphis sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Oklahoma. Àwọn tó kù dẹ́kun wíwọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ọjà àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí dùbúlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà wá bá Ida ní ọ́fíìsì pé kó bá àwọn bẹ àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n rò pé iná mànàmáná tí ọkọ̀ náà ń lò ló ń ba àwọn èèyàn dúdú lẹ́rù! Ida bi wọ́n léèrè ìgbà tí owó wọn bẹ̀rẹ̀ sí dín. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gan-an ni wọ́n pa Moss. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ àwọn kò lọ́wọ́ sí ikú rẹ̀. Ida tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì méjì ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ròyìn àbẹ̀wò náà fún ìjọ, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe wọ ọkọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ohun kejì tó ṣe ló sọ ọ́ di ẹni tí a ń dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Kí Moss tó kú, Ida fúnra rẹ̀ gba ohun tí gbogbo ayé ń sọ gbọ́. Wọ́n ní àwọn dúdú tí àwọn èrò ń pa láìdé ilé ẹjọ́, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní lynching, àwọn tó fipá bá obìnrin òyìnbó lò ni. Ó máa ń rò pé òótọ́ ni pé kò yẹ kí wọ́n pa wọ́n láìgbẹ́jọ́, ṣùgbọ́n bóyá wọ́n jẹ̀bi. Ní ti Moss, kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjà ló wà níbẹ̀. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, nínú àwọn yòókù tí òun ti ka ìròyìn wọn, mélòó ló rí bíi ti Moss?

Àwa náà mọ igbe olè tí ẹnì kan máa ń ké lọ́jà, tí táyà àti epo á fi dé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó sọnù. Ìbéèrè yẹn ni Ida bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ó kó ìròyìn jọ lórí àwọn 728 èèyàn tí wọ́n pa báyìí. Kò lo ìwé ìròyìn àwọn dúdú, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn ara wọn. Ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó ló mú, pàápàá Chicago Tribune, tó ń ka iye àwọn tí wọ́n pa lọ́dọọdún. Ó ka ẹ̀sùn tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni wọ́n tiẹ̀ fi ẹ̀sùn ìfipábánilò kàn. Ìyókù kú nítorí ìjà, nítorí pé wọ́n bá òyìnbó jiyàn, nítorí olè jíjà, tàbí láìsí ìdí kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ó tún lọ sí àwọn ibi kan tí wọ́n ti pa èèyàn, ó bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ òmíràn: pé nínú ìdá kan nínú mẹ́ta náà pàápàá, àwọn kan wà tí ọkùnrin dúdú àti obìnrin funfun fẹ́ràn ara wọn, tí àṣírí tú, tí wọ́n wá sọ ọ́ di ìfipábánilò. Ó kọ èyí sí Free Speech ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1892, ní gbólóhùn díẹ̀, láìfi orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tí ó kọ tẹ́lẹ̀ nípa ọkọ̀ àti ọjà, wọ́n fara dà á. Èyí ni wọn kò lè fara dà.

Orí ló kó o yọ. Ó ti wọkọ̀ lọ sí Philadelphia fún ìpàdé ìjọ, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ sí New York. Ní ọjọ́ 27, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọ́fíìsì Free Speech, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ àti tábìlì, wọ́n lẹ ìwé sílẹ̀ pé ẹni tó bá tún gbìyànjú láti tẹ ìwé ìròyìn náà, òkú ni. Fleming, ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò náà, ti sá kúrò nílùú. Àwọn ọ̀rẹ́ kọ̀wé sí Ida pé kó má padà wálé, àwọn èèyàn ń ṣọ́ ibùdókọ̀ ojú irin dè é.

Ibi tí àwọn jàǹdùkú ti kùnà nìyẹn, lójú tèmi. Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ ní Memphis, ìwé kékeré kan ní ìlú kan ni ì bá máa tẹ̀. Ní New York, T. Thomas Fortune, tó ni ìwé ìròyìn New York Age, gbà á síṣẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, ìròyìn rẹ̀ gba ojú ewé iwájú: orúkọ, ọjọ́, ibi tó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan nínú rẹ̀ ni wọ́n sì tà ní ìgboro Memphis níbi tí wọ́n ti lé e. Ní oṣù kẹwàá, àwọn obìnrin dúdú New York àti Brooklyn dá dọ́là 500 jọ fún un. Ó fi tẹ ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, Southern Horrors.

Ní 1893 àti 1894, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Òwú ni ọrọ̀ Memphis, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ òwú náà ń lọ. Ohun tí àwọn ọlọ́jà òwú Memphis kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu obìnrin dúdú, wọ́n ní láti fetí sí i nígbà tí àwọn oníbàárà wọn ń bi wọ́n léèrè.

Láàárín ìrìn àjò méjèèjì náà, ó yà sí Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn àgbáyé ńlá ti 1893. Wọn kò fún àwọn dúdú Amẹ́ríkà ní àyè níbẹ̀. Àwọn èèyàn Dahomey ni wọ́n kó wá, wọ́n kọ́ abúlé kan fún wọn kí àwọn òyìnbó máa san owó wọlé láti wò wọ́n. Ida àti Frederick Douglass, àgbà tó ti jìjà òmìnira ẹrú, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ àwọn dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀. Inú ilé tí Haiti kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in, nítorí Douglass ni Haiti fi ṣe aṣojú. Douglass bínú sí abúlé Dahomey náà gidigidi, ó sì fi àwọn èèyàn wa wọ̀nyẹn ṣe ẹlẹ́yà nínú ohun tó kọ. Kò dùn mọ́ni láti kà. Àwọn tí wọ́n kó wá kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ida dúró sí Chicago. Ní 1895, ó tẹ ìwé tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, A Red Record, ó to àwọn tí wọ́n pa ní ọdún mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ẹ̀sùn wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó fẹ́ Ferdinand Barnett, agbẹjọ́rò. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń mu ọmú, ó ń gbé e kiri ibi tó ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sì ti wá olùtọ́jú ọmọ sílẹ̀ dè é.

Kò lè wọ gúúsù mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, wọ́n sun ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sam Hose ní ààyè ní Newnan, ìpínlẹ̀ Georgia, lójú ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n ní ó pa ọ̀gá rẹ̀, ó sì fipá bá ìyàwó ọ̀gá náà lò. Ida àti àwọn ará Chicago dá owó, wọ́n háyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ funfun kan, Louis Le Vin, pé kó lọ wádìí. Òyìnbó á bá òyìnbó sọ òótọ́. Ohun tí Le Vin mú bọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló dá ìjà sílẹ̀, pé ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ yọ ìbọn, pé kò sí ìfipábánilò níbẹ̀ rárá. Ida tẹ gbogbo rẹ̀ jáde.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1909, àwọn èrò pa ọkùnrin dúdú kan ní ìlú Cairo. Kì í ṣe ti Íjíbítì, ti ìpínlẹ̀ Illinois ni, níbi tí Ida ń gbé. Ìpínlẹ̀ náà ti ṣe òfin ní 1905 pé bí àwọn èrò bá gba ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ ṣẹ́ríìfù, tó jẹ́ olórí agbófinró àgbègbè, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, àyàfi bó bá lè fi hàn pé òun gbìyànjú. Ṣẹ́ríìfù Frank Davis fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ti rẹ Ida. Ó ní ẹlòmíì náà lè lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì ju ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ, ló jí i lálẹ́ pé bí màmá kò bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò lọ. Láàárọ̀ ó wọkọ̀.

Nígbà tó dé Cairo, ó bá a pé àwọn dúdú ìlú náà gan-an ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá ṣẹ́ríìfù padà. Ọ̀rẹ́ wọn ni, ó máa ń gba àwọn kan nínú wọn síṣẹ́. Ida kò bú wọn. Ó pe ìpàdé, ó bi wọ́n bóyá ṣẹ́ríìfù náà ránṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́, bóyá ó fi ẹlẹ́wọ̀n náà sí ibi tó ní ààbò. Kò ṣe é. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ wọn padà, wọ́n sì fi í sínú ìwé. Níwájú gómìnà, agbẹjọ́rò àti àwọn èèyàn ńlá ló dúró lẹ́yìn Davis. Ida nìkan ló dúró ní apá kejì. Gómìnà Charles Deneen kọ̀ láti dá Davis padà sípò.

Ọdún yẹn kan náà ló wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti àwọn olórí ẹgbẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ida kì í rọ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń wọ́de ní Washington ní 1913 láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n ní kí àwọn dúdú máa bọ̀ lẹ́yìn. Ida dúró láàárín èrò títí àwọn ará Illinois fi dé ibi tó wà, ó bọ́ sí àárín wọn, ó ń bá wọn rìn lọ.

Ìwádìí kan kù, èyí tí mo rò pé àwọn àgbẹ̀ wa tó ń gbin òwú yóò yé jù. Ní agbègbè Phillips, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn dúdú fi ń dáko. Ọwọ́ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ àti irinṣẹ́ ní àwìn, onílẹ̀ náà ló ń gba òwú wọn tà, òun nìkan ló sì mọ iye tó tà á. Lọ́dọọdún, á ní gbèsè ṣì kù. Ní 1919, owó òwú lọ sókè. Àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ gba agbẹjọ́rò kí wọ́n lè rí ìwé ìṣirò owó wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń ṣe ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Hoop Spur, lẹ́bàá ìlú Elaine. Àwọn òyìnbó kan fi ọkọ̀ wá síta ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìbọn dún, òyìnbó kan kú.

Láti ọjọ́ kejì, ogunlọ́gọ̀ òyìnbó dọdẹ àwọn dúdú nínú oko òwú, àwọn ṣọ́jà sì wá kún wọn. Òyìnbó márùn-ún ló kú. Títí di òní, àwọn tó ń kọ ìtàn kò fi ẹnu kò lórí iye àwọn dúdú tó kú. Àwọn kan ní ó lé ní 200. Ohun tí ìjọba sọ ni pé àwọn dúdú ló ń gbìmọ̀ láti pa àwọn òyìnbó. Ọkùnrin 12 ni wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Ìjókòó ilé ẹjọ́ lórí wọn yá kánkán, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ kò sì lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí wọ́n tó ní wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n ti fi pàṣán àti iná mànàmáná gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí.

Ida kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Chicago Defender pé kí àwọn èèyàn dá owó fún wọn. Owó wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Arkansas fúnra rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wọ gúúsù láti nǹkan bí ọdún 28. Ó tẹ̀ lé ìyá àti ìyàwó àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Little Rock. Wọ́n ní ìbátan àwọn láti St. Louis ni. Wọ́dà wò wọ́n, àwọn obìnrin òtòṣì ló rí, kò tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn irin, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí fún un, ó fi sórí títí ó fi dé ibi tó ti lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọrin fún un, orin ikú àti ọ̀run. Ó fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló súnmọ́ irin, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n yé kọrin ikú. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà láti yè, kí wọ́n gbàgbọ́ pé Ọlọ́run tí wọ́n ń sìn lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n náà.

Nínú ìwé tó tẹ̀ lẹ́yìn náà, kò kọ nípa ìbọn nìkan. Ó ka òwú. Ó to orúkọ àwọn àgbẹ̀ náà, iye ilẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ro, òwú àti àgbàdo tó wà lóko nígbà tí wọ́n mú wọn, owó tó yẹ kí wọ́n rí. Ẹni tó bá ka ìṣirò náà á rí ẹni tí èrè gbogbo rẹ̀ bọ́ sí lápò.

Scipio Jones, agbẹjọ́rò dúdú tí wọ́n bí sínú oko ẹrú bíi ti Ida, àti ẹgbẹ́ NAACP gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1923, ilé ẹjọ́ náà wí pé ìdájọ́ tí àwọn jàǹdùkú ń darí láti ìta kì í ṣe ìdájọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1925, àwọn tó kẹ́yìn nínú àwọn 12 náà jáde. Ọ̀kan nínú wọn wá sí Chicago, ó wá ilé Ida kàn. Ó ní ọjọ́ tí ìyá náà ti sọ fún àwọn kí àwọn yé kọrin ikú, àwọn yé e.

Nígbà tó dàgbà, Ida jókòó láti kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́bìnrin kan ti bi í léèrè ohun tó ṣe gan-an tí wọ́n fi ń fi í wé Joan of Arc, kò sì sí ìwé tó lè nà sí i. Kò parí rẹ̀. Àìsàn kíndìnrín ló mú un lọ ní Chicago, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1931, ó jẹ́ ẹni ọdún 68. Àárín gbólóhùn kan ni ìwé náà ti já. Alfreda, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló tún un ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Òfin tí Ida lọ béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ McKinley ní 1898, pé kí ìjọba àpapọ̀ ka lynching sí ọ̀ràn, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022 ni Ààrẹ Biden tó fọwọ́ sí i.